Ọrùn Tírélà Ni Olè Ń Wò, Kì Í Ṣe Ilẹ̀kùn

Aago mẹ́fà ìdájí Sátidé kan ni oníbàárà mi kan pè mí. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbé e lọ o." Ó ti gbé tírélà rẹ̀ sí ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ I-10 ní Amẹ́ríkà níbí, Lexus kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń gbé lọ sí èbúté kí wọ́n lè fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Èkó. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó tú tírélà náà kúrò lára pickup rẹ̀ kí ó lè lọ wá oúnjẹ. Nígbà tó padà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò so ó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti ilẹ̀kùn. Àgádágodo ńlá ni òun fi tì í, òun sì fà á wò lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó wọlé lọ sùn.

Láti ọdún tí mo ti ń tún tírélà ṣe ní Houston níbí, irú ìpè yìí ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, àṣìṣe kan náà ló sì máa ń wà nínú wọn. Ilẹ̀kùn ni a máa ń tì. Ilẹ̀kùn kọ́ ni olè ń wò.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú tírélà tí mò ń sọ, nítorí tírélà ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kọ́ ni. Àpótí ńlá tó ní ògiri àti òrùlé ni, tí pickup ń fà. Àwọn ọmọ wa tó ń ra ọkọ̀ ní ọjà gbàǹjo láti fi ránṣẹ́ sílé ń lò ó, àwọn tó ń fi àga àti kánópì ránṣẹ́ síbi ayẹyẹ náà ń lò ó. Èyí tó ń gbé ọkọ̀ sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 24. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ta á, kò sì ní kọ̀ǹpútà tó máa kọ̀ fún àlejò. Ẹnu kan ló ní níwájú, lórí ọrùn irin rẹ̀, tó ń jókòó lé bọ́ọ̀lù irin lẹ́yìn pickup. Bọ́ọ̀lù tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ọkọ̀ ń lò fẹ̀ ní íńṣì 2 àti ìdá 5 nínú 16, ó sì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́yìn pickup tirẹ̀ lè fa tírélà yín lọ. Ẹni tó fẹ́ fa ewúrẹ́ lọ, okùn ọrùn rẹ̀ ló ń dì mú. Bí olè bá délé ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà tí yóò fi ṣí àpótí náà, kò sì ní sẹ́ni tó ń wò ó níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹnu yẹn ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Oríṣi mẹ́ta ni ohun tí wọ́n ń tà láti fi tì í. Èkíní ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lára ìdè ẹnu náà. Ó wúlò nígbà tí tírélà bá wà lára pickup, kí ẹnì kan má baà ṣí i nígbà tí ẹ dúró ra epo. Ṣùgbọ́n bí tírélà bá dá dúró, ìdè nìkan ló tì. Ẹnu fúnra rẹ̀ wà ní gbangba. Èkejì ni bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n ń kì bọ ẹnu, tí irin títẹ̀ kan sì gba orí rẹ̀ kọjá. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà nítorí pé kò wọ́n. Mo ti rí èyí tí irin rẹ̀ rọ̀ débi pé òòlù ni wọ́n fi ṣí i. Ẹ̀kẹta ni èyí tí mò ń fi sí tèmi: irin nínípọn tó bo gbogbo ẹnu náà mọ́lẹ̀, àti ihò bọ́ọ̀lù àti ìdè rẹ̀, tí ibi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì fara sin sínú. Ó wúwo, owó rẹ̀ sì ju ti èkejì lọ dáadáa. Òun ni kí ẹ rà.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ jáde lọ wò ó lónìí. Lára ọ̀pọ̀ tírélà tó ń gbé ẹrù wúwo, wọn kò fi wẹ́dìn mọ́ ẹnu yẹn sára ọrùn. Bóòtì ńlá méjì ló mú un, kí ẹni tó ni ín lè gbé e sókè tàbí kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí pickup rẹ̀ ṣe ga tó. Olè tó mọṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan àgádágodo olówó ńlá yín. Yóò mú sípánà, yóò tú bóòtì méjèèjì, yóò gbé ẹnu náà jù sílẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo lórí rẹ̀, yóò sì fi ẹnu tirẹ̀ síbẹ̀. Tí ẹ bá ti rí ìwọ̀n gíga tó bá pickup yín mu, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi iná díẹ̀ tọ́ nọ́ọ̀tì méjèèjì mọ́ bóòtì wọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ẹ bá pààrọ̀ pickup lọ́la, wọ́n lè gé e kúrò, kí wọ́n sì fi bóòtì tuntun síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọrùn, ẹsẹ̀ ló kàn. Irin gbàǹgbà tí wọ́n ń dè mọ́ táyà dára, bó bá ti bo àwọn nọ́ọ̀tì táyà náà mọ́lẹ̀. Bí kò bá bò wọ́n, táyà yẹn ni olè yóò tú, yóò sì fi òmíràn rọ́pò. Níwọ̀n bí tírélà tó ń gbé ọkọ̀ ti ní táyà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní apá kọ̀ọ̀kan, mo fẹ́ràn kí ẹ fi ṣéènì líle, tó nípọn tó mìlímítà 12 ó kéré tán, gba inú wíìlì méjèèjì kọjá, kí ó sì yí ara ṣáásì po. Ẹ fà á kí ó le, kí ó má sì kan ilẹ̀. Ṣéènì tó bá sùn sílẹ̀, olè yóò gbé ẹsẹ̀ kan ohun ìgé rẹ̀ lélẹ̀, yóò sì fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgádágodo tó bá kan ilẹ̀ ṣe máa ń gba òòlù wẹ́rẹ́.

Mi ò ní tàn yín: ẹ̀rọ ìgérin oníbátìrì, èyí tí àwọn wẹ́dà nílé ń pè ní fáìlìn mẹ́ṣíìn, lè gé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Àkókò àti ariwo ni ẹ ń fi owó yín rà. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ gbé e sí fi ṣe pàtàkì. Nílé, ẹ jẹ́ kí ọrùn kọjú sí ògiri, kí ọkọ̀ mìíràn sì dábùú ẹ̀yìn. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ má ṣe tú u kúrò lára pickup rárá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fara ti ògiri lábẹ́ iná, kí ẹ sì bèèrè yàrá tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ẹ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ilẹ̀kùn náà ní tirẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ ló ń dùn mí jù, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kan náà máa ń ṣí àìmọye wọn. Àwọn tó ń lo ọkọ̀ ìrìn-àjò onílé, èyí tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, mọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kọ CH751 sí lára. Ẹnikẹ́ni ló lè rà á. Ẹ pààrọ̀ inú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì fi àgádágodo róbótó tí irin rẹ̀ fara sin kún un, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí tírélà wà, ẹ rántí pé àwọn iléeṣẹ́ fóònù ńlá ní Amẹ́ríkà ti pa 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ní ọdún 2022. Ẹ̀rọ tí ẹ ti rà ṣáájú ìgbà náà lè ti kú láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ògiri álúmíníọ̀mù máa ń dí ìgbì rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà abẹ́ pákó ilẹ̀ ni mo máa ń fi í pamọ́ sí. AirTag, ẹ̀rọ kékeré Apple tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, dára láti fi kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan, nítorí ó máa ń ta iPhone ẹni tó bá ń gbé e kiri lólobó. Bí ẹ bá sì ti rí ibi tí tírélà yín wà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lọ bá wọn fúnra yín. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ìlú yìí. Ọlọ́pàá ni kí ẹ pè, kí ẹ sì dúró sí ọ̀nà jíjìn.

Ìwé ni ọ̀pọ̀ ń kà sí ohun kékeré. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, kí ó wà nínú fóònù yín. Nọ́ńbà yẹn ni ọlọ́pàá máa ń kọ sínú NCIC, àkójọ tí FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń tọ́jú, tí ohun tí wọ́n jí wà nínú rẹ̀. Láìsí i, "tírélà funfun" lásán ni ẹ ní, tírélà funfun kò sì lóǹkà ní Texas. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe ìbánigbófò yín ní ìbéèrè méjì: ṣé olè jíjà tírélà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣé ọkọ̀ tó wà nínú tírélà náà sì wà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìbánigbófò pickup ń bo jàǹbá tí tírélà bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan. Ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní gbàǹjo lè má sí nínú ìwé kankan.

Oníbàárà mi ní fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀, òun ló ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 11, ọlọ́pàá rí tírélà náà ní ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti dá páropáro. Lexus kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gé ògiri ẹ̀gbẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó fà á wá sọ́dọ̀ mi, àgádágodo ńlá yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ní títì bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló fún mi kí n fi ṣí i.