Nánóbọ́dì àtọwọ́dá: ohun tí ó jẹ́ àti ìdí tí àwọn olùwádìí purotéènì fi ń wá a

Nánóbọ́dì ni orí kékeré kan tí a gé kúrò lára àǹtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì tí ara ń pèsè láti fi gbá àjèjì tó bá wọ inú rẹ̀ mú. Àǹtíbọ́dì ènìyàn ní ẹ̀wọ̀n wúwo àti ẹ̀wọ̀n fúyẹ́ (okùn purotéènì ńlá àti kékeré), àwọn méjèèjì ló sì jọ ń di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n ní 1993, Raymond Hamers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kéde pé apá kan nínú àǹtíbọ́dì ràkúnmí kò ní ẹ̀wọ̀n fúyẹ́ rárá, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pé. Bí a bá gé orí ẹ̀wọ̀n wúwo yìí sọ́tọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àǹtíbọ́dì tiwa.

Àwọn tó ń wá ìrísí purotéènì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé purotéènì, pàápàá èyí tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, kì í dúró jẹ́ẹ́: ó ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń yí padà, àwòrán rẹ̀ a sì máa ṣe bàìbàì, tàbí kí ó kọ̀ láti di kírísítálì tí a lè fi ẹ́síréè wò. Bí onídìrí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ṣe ń fi orúnkún méjèèjì há orí ọmọ tí kò gbé jẹ́ẹ́ mọ́lẹ̀ ni nánóbọ́dì ṣe ń mú purotéènì dúró sójú kan. Nánóbọ́dì lámà, ẹranko tó jẹ́ ìbátan ràkúnmí, wà lára ohun tí Brian Kobilka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní 2011 láti rí bí purotéènì tó ń gba ìsọfúnni láti ọ̀dọ̀ adirẹnalíìnì (èròjà ara tó ń mú kí ọkàn yára lù) ṣe ń rí nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2012, òun àti Robert Lefkowitz gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místírì.

Láti rí nánóbọ́dì lára ẹranko, wọn a gún lámà ní abẹ́rẹ́ purotéènì náà léraléra, wọn a sì dúró fún oṣù díẹ̀. Purotéènì ẹlẹgẹ́ lè bàjẹ́ nínú ooru ara ẹranko, èyí tó bá sì jọ ti lámà fúnra rẹ̀ jù, ara rẹ̀ lè má kà á sí àjèjì. Ti àtọwọ́dá kò nílò ẹran kankan, èyí tí kò ṣeé fojú di fún ilé ìwádìí ní Àkúrẹ́, nítorí ràkúnmí díẹ̀ tí à ń rí níhìn-ín, láti Òkè Ọya ni wọ́n ti ń dà wọ́n wá. Wọn a fi ara nánóbọ́dì sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn a sì máa pààrọ̀ àwọn amínò ásíìdì (èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì) tó wà lára ìkọ́ mẹ́ta tó fi ń di nǹkan mú, títí wọn yóò fi ní àìmọye oríṣi. Ní 2018, ilé ìwádìí Markus Seeger ní Zurich àti ti Andrew Kruse ní Harvard gbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ti Harvard, lórí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà (yeast) ni wọ́n ti ń ṣa nánóbọ́dì tiwọn.

Nígbà ìṣàyàn, wọn a da àkójọ náà pọ̀ mọ́ purotéènì, wọn a fọ àwọn tí kò dì mọ́ ọn dànù, wọn a sọ àwọn tó kù di púpọ̀, wọn a sì tún un ṣe. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù lójú mi ni pé a lè fi oògùn tàbí ohun mìíràn ti purotéènì náà sí ipò kan pàtó nígbà ìṣàyàn, kí a lè rí nánóbọ́dì tó mọ ipò yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa ṣe èyí tó yege nínú bakitéríà E. coli, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, mọ̀ dáadáa.

Síbẹ̀, dídìmú nìkan kò tó. Nánóbọ́dì lè ti purotéènì sí ìrísí tí kì í sábà gbé wọ̀ nínú ara, nítorí náà olùwádìí ní láti wò ó bóyá purotéènì náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí nánóbọ́dì wà lára rẹ̀, kí ó tó sọ pé àwòrán tí òun rí ni ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́.