Ilé tó bá, ilé tó fi sílẹ̀: bí a ṣe ń wọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì

Bí yunifásítì kan bá gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, iye ìgbà tó borí níbi tó ti ń bọ̀ ni wọ́n máa ń kà sí wa létí. Òǹkà yẹn nìkan kò tó gbára lé. Ní Michigan State, láàárín 1995 sí 1999, Nick Saban borí ní 34, ó pàdánù 24, ó ta ọ̀mì kan. Ta ni ìbá wo èyí kó sọ pé ọkùnrin yìí máa gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè méje, ọ̀kan ní LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana), mẹ́fà ní Alabama?

Ẹ tú òǹkà náà sí ọdọọdún (ìborí ló ṣáájú, ìpàdánù ló tẹ̀ lé e, ọ̀mì ló kẹ́yìn bó bá wà): 6-5-1, 6-6, 7-5, 6-6, 9-2. (Ọdún 1996 ni àfikún àkókò ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọ̀mì lọ.) Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ohun tó bá nílé. Lọ́dún 1994, ẹgbẹ́ yẹn borí nígbà márùn-ún lórí pápá, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́gi lé márààrún nínú ìwé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá kí Saban tó dé. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tún dín iye ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n lè fún àwọn ọmọ kù. Irú ìyà yìí kì í dunni lọ́dún tí wọ́n fi jẹni: ọmọ tí ẹ kò rí gbà lónìí ni ẹni tí ipò rẹ̀ máa ṣófo lọ́dún mẹ́ta sí i. Nítorí náà, 6-6 ti 1998 kì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n lọ bá Ohio State, tó wà nípò kìn-ín-ní, nílé rẹ̀ ní Columbus. Ó ti ń fi 24-9 ṣáájú wọn kí wọ́n tó nà án ní 28-24.

Òdìkejì rẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Scott Frost. UCF (yunifásítì Central Florida) ṣe 0-12 lọ́dún 2015. Ó gbà á, ó ṣe 6-7, lẹ́yìn náà 13-0 lọ́dún 2017. Iṣẹ́ ìyanu, àbí? Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ṣe 12-1 lọ́dún 2013. Ìpìlẹ̀ wà, òrùlé ló ṣí. Nígbà tí Frost sì lọ tán, Josh Heupel ṣe 12-1 níbẹ̀ lọ́dún 2018. Kì í ṣe pé Frost kò ṣiṣẹ́ o. Òun ló mú McKenzie Milton, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, wá.

Ní Nebraska, níbi tí Frost lọ lẹ́yìn UCF, 16-31 ló ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àwọn eré tí àlàfo wọn kò ju àmì 8 lọ, nítorí gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá (touchdown) lẹ́ẹ̀kan àti àfikún rẹ̀ lè mú 8 wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, 5-22 ni tirẹ̀. Sáà kan lè jẹ́ orí burúkú. Èyí ju sáà kan lọ dáadáa. Ẹ wo Dublin, oṣù kẹjọ 2022: ó ń fi 28-17 ṣáájú Northwestern, ó ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú kí àwọn tirẹ̀ lè sáré tún un gbà, dípò kí wọ́n gbá a jìnnà. Northwestern ló gbà á, nítòsí ibi tí wọ́n ń lọ. 31-28 ló parí sí, Nebraska sì pàdánù.

Ti Urban Meyer kò gba àríyànjiyàn: Bowling Green ti 2-9 dé 8-3, Utah ti 5-6 dé 10-2, ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi méjèèjì. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ ẹni náà ló wà.

Láti 2021, ọmọ tó bá pààrọ̀ yunifásítì lè gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀ láì jókòó ọdún kan, ìdí nìyẹn tí ìṣirò ọdún mẹ́ta kò fi ṣiṣẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Indiana ṣe 3-9 lọ́dún 2023. Curt Cignetti kó àwọn ọmọ tó ju mẹ́wàá lọ wá láti James Madison, yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀, ó sì ṣe 11-2 lọ́dún 2024. Fún irú rẹ̀, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: mélòó ló bá a wá, mélòó ló bá níbẹ̀.