Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò sójú títì tuntun?

Ẹ ti lè rí i rí. Títì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó dúdú minimini, róólà ò tíì kúrò lójú ọ̀nà, làwọn kan bá gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n sì gbẹ́ ihò roboto sí i níbì kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dun àwọn tó ń wò wọ́n. Iṣẹ́ àyẹ̀wò asífáàtì ni mò ń ṣe, kò sì sí ibi tí a ti gbẹ́ irú ihò yìí tí ẹnì kan ò ní bi mí pé kí ló dé tí a fi ń ba ohun tó dára jẹ́. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa níbí, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè mìíràn tó bá a tan.

Ṣé asífáàtì àti ọ̀dà kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá. Ọ̀dà wà nínú asífáàtì, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Bí a bá wọn asífáàtì 100 kílò, òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú òkúta ló máa kó nǹkan bí 95 kílò níbẹ̀. Ọ̀dà kì í sábà ju kílò 4 sí 6 lọ. Òkúta ló ń ru ẹrù ọkọ̀, ọ̀dà ló ń so òkúta mọ́ òkúta. Ohun kẹta tún wà tí kì í hàn lórí òṣùwọ̀n, òun ni afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn àlàfo kéékèèké láàárín òkúta. Afẹ́fẹ́ yìí gan-an la tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ihò.

Kí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú títì? Ẹ ò ṣe tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi jáde?

Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní ọ̀dà máa ń wú nígbà tí oòrùn bá mú, ó sì ń fẹ́ àyè tí yóò wú sí. Bí kò bá sí àyè, òkè ló máa gbà jáde: ojú títì á máa dán bíi pé wọ́n da epo sí i, táyà á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ lásìkò òjò. Kò tán síbẹ̀. Àwọn òkúta tó yẹ kí wọ́n fara ti ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó nínú ọ̀dà, ibi tí táyà ń gbà á sì jìn wọlé bíi poro oko.

Bí afẹ́fẹ́ bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Àwọn àlàfo náà á já síra wọn, wọ́n á di ọ̀nà fún omi. Omi á wọ àárín ọ̀dà àti òkúta, á bó ọ̀dà kúrò lára òkúta bí ẹní bó èèpo, táyà á máa ta àwọn òkúta dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, kòtò sì dé nìyẹn. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kì í fi ọ̀dà sílẹ̀: ọ̀dà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láti inú á le, á gan, á sì máa sán.

Nítorí náà, ó ní ìwọ̀n. Nínú ilé àyẹ̀wò, ìdá 4 nínú 100 la sábà máa ń fojú sùn. Lójú títì, lẹ́yìn tí róólà bá ti kúrò, ìdá 6 sí 7 ló wọ́pọ̀, torí a mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ á ṣì máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń kọjá. Bó bá ju ìdá 8 lọ, omi ti rọ́nà wọlé. Bó bá sì wá sí abẹ́ ìdá 3, poro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń bọ̀.

Báwo lẹ ṣe ń wọn ohun tí ojú ò rí?

Òṣùwọ̀n àti omi la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣàpẹẹrẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ti ṣú, ọkọ̀ tó gbé asífáàtì kẹ́yìn sì pẹ́ kó tó dé. Mo ti ọ̀pá ìwọn-ooru bọ ẹrù rẹ̀, 95°C péré ló kà. Mo ní kí wọ́n má dà á. Wọ́n dà á. Lọ́jọ́ kejì, a gbẹ́ ègé kan, ìyẹn asífáàtì roboto tí ẹ̀rọ ń yọ jáde nínú ihò, níbi tí ọkọ̀ àárọ̀ da tirẹ̀ sí, a gbẹ́ òmíràn níbi tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ da tirẹ̀ sí. Bí ẹ bá dúró lójú títì náà, ẹ ò lè mọ èyí tó yàtọ̀.

Ègé ti àárọ̀ wọn gíráàmù 1,200 ní gbígbẹ. A so ó rọ̀ sínú omi, òṣùwọ̀n ka 690. A yọ ọ́, a fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n, ó di 1,205. Yọ 690 kúrò nínú 1,205, ó ku 515: ìyẹn ni àyè tí ègé náà gbà. Pín 1,200 sí 515, ẹ máa rí 2.33: ìyẹn ni bó ṣe kì tó. Ṣáájú èyí, a ti mú díẹ̀ nínú asífáàtì kan náà nígbà tí kò tíì dì, a tú u ká, a da omi bò ó nínú ìkòkò irin, a sì fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí a tó wọ̀n ọ́n, 2.50 ni tirẹ̀. 2.33 jẹ́ ìdá 93.2 nínú 100 lára 2.50. Ìdá 6.8 tó ṣẹ́ kù, afẹ́fẹ́ ni. Ó yege.

Ti ìrọ̀lẹ́ náà wọn 1,200 ní gbígbẹ, 685 nínú omi, 1,217 lẹ́yìn tí a nù ún. Ẹ wo iye omi tó mu: gíráàmù 17, nígbà tí ti àárọ̀ mu 5. Ìṣirò fún wa ní 2.26, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10. Mo fi àtàǹpàkò kan etí rẹ̀, òkúta mẹ́ta já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n hú apá ibẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe.

Kí ni ooru wá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí asífáàtì bá gbóná tó nǹkan bí 150°C, ọ̀dà ṣàn, òkúta sì lè yọ̀ lórí ara wọn títí wọ́n á fi rí ibi jókòó sí. Bó bá fi máa tutù dé nǹkan bí 80°C, ọ̀dà ti dì wọ́n mú, róólà kàn ń fọ́ òkúta lásán ni. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì kì í pọ̀, pàápàá bí asífáàtì bá fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Bí wọ́n bá sì yan án jù níbi tí wọ́n ti ń pò ó, ọ̀dà á ti gbó kó tó dójú ọ̀nà.

Ṣé kò sí ẹ̀rọ tó lè wọ̀n ọ́n láìgbẹ́ ihò?

Ó wà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìtànṣán wọn bí asífáàtì ṣe kì tó, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó wúlò púpọ̀ nígbà tí róólà ṣì ń lọ ń bọ̀, torí a ṣì lè ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ègé tí a gbẹ́ la fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ihò náà kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀: a ó nu omi inú rẹ̀, a ó sì gún asífáàtì tuntun sí i ní ìpele-ìpele.

Àyẹ̀wò wo lẹ ti ṣe kí asífáàtì tó dójú ọ̀nà?

Ó pọ̀. A ń fi asẹ́ oríṣiríṣi sẹ́ òkúta láti mọ iye ńlá àti iye kékeré tó wà níbẹ̀. A ń yọ ọ̀dà kúrò lára asífáàtì láti mọ̀ bóyá ó pé. Fún ọ̀dà fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí òun àti ẹrù orí rẹ̀ wúwo tó 100 gíráàmù la máa ń jẹ́ kó rì sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ní 25°C. Èyí tí wọ́n ń pè ní 60/70, mìlímítà 6 sí 7 ni abẹ́rẹ́ ń wọlé nínú rẹ̀.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ wọ́pọ̀ jù ni àyẹ̀wò Marshall. Bruce Marshall, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà ti ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí 1939, àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà sì tún un ṣe sí i nígbà ogun àgbáyé kejì. A ń fi irin tó tó kílò 4.5 lu asífáàtì gbígbóná nínú agolo irin, ìgbà 75 ní ojú kọ̀ọ̀kan fún ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà. A ó rì í sínú omi 60°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó wá fún un títí á fi fọ́. Fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó gba nǹkan bí 800 kílò ó kéré tán, kó sì tẹ̀ ní bíi mìlímítà 2 sí 3.5 kó tó fọ́. Àwọn kan máa ń yọ̀ tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ga. Èmi ò kí í yọ̀ tí èkejì bá kéré: ohun tó le tí kò lè tẹ̀, sísán ló máa sán.

Bí gbogbo rẹ̀ bá yege, kí ló dé tí títì kan ṣì ń tètè bàjẹ́?

Ìdí kan ni pé ibi tó dára ni wọ́n mú wa lọ gbẹ́ ihò. Kò yẹ kí kọngílá yan ibi tí a ó gbẹ́, kò yẹ kí èmi náà fojú yàn án; ṣe ló yẹ kí a ṣẹ́ ìbò fún un. Mo gbà pé ìbò yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Ojú ìsopọ̀ ni ibòmíràn, níbi tí asífáàtì òní ti pàdé ti àná: etí ibẹ̀ máa ń tutù, róólà kì í tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ibẹ̀ ni kòtò sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tún wà níbẹ̀. Láti 1958 sí 1960, wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù dán àwọn títì wò nítòsí Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí fa òfin kan yọ tí àwọn ẹnjiníà ṣì ń lò: bí ẹrù orí ààsù kan, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tó ń ṣe fún títì á di nǹkan bí ìlọ́po 16. Kò sí ihò tí mo lè gbẹ́ tó máa sọ fún mi irú ọkọ̀ tó máa gba ibẹ̀ lọ́la.

Kí ni ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ lè fojú rí?

Ẹ wo ọkọ̀ tó gbé asífáàtì dé. Bí èéfín búlúù bá ń rú lórí rẹ̀, wọ́n ti yan án jù. Bó bá dúró gan-an bí òkìtì tó le, ó ti lè tutù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń dán, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí, ẹ dúró de òjò kan. Nígbà tó bá dá tí ojú títì ń gbẹ, ẹ wo àwọn ibi tó ṣì dúdú, tó ṣì tutù, nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọn ti gbẹ. Omi ló wà nínú àlàfo níbẹ̀, ibẹ̀ lèmi náà ì bá sì fẹ́ kí ìbò mú.