Ṣílè 39: bí olè ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ okùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lásìkò tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ tó lé ní 200 ni òfin lè torí rẹ̀ yẹgi fún èèyàn. Olè jíjà pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá jí ẹrù tó tó 40 ṣílè nínú ilé onílé, ikú ni. Àwọn àgbà tó ná ṣílè kí náírà tó dé lọ́dún 1973 mọ̀ pé 20 ṣílè ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Pọ́n-ùn méjì péré, ẹ̀mí èèyàn lọ!

Ẹni tí wọ́n jà lólè ló máa ń pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀, òun náà ló máa kó ẹlẹ́rìí wá. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́, nítorí ìnáwó tàbí nítorí àánú.

Bí ẹjọ́ bá wá dé ilé ẹjọ́, ọkùnrin 12 tó ti búra ló máa sọ bóyá olè jalè, àwọn náà ló sì máa sọ iye tí ẹrù náà tó. Ibí yìí gan-an ni àánú ń gbà wọlé. Ká ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan jí ṣíbí fàdákà àti aṣọ ọ̀gá rẹ̀, tí àpapọ̀ wọn tó pọ́n-ùn mẹ́ta. Ṣíbí wà níwájú wọn, gbogbo èèyàn mọ iye rẹ̀ lọ́jà. Síbẹ̀ wọ́n á ní: ó jẹ̀bi, àmọ́ 39 ṣílè ni ẹrù ọ̀hún. Ṣílè kan ló kù kó tó ikú. Owó gan-an pàápàá, wọ́n ń dín iye rẹ̀ kù báyìí. Amòfin William Blackstone pè é ní ìbúra èké tó ní ìwà-bí-Ọlọ́run nínú.

Kò túmọ̀ sí pé olè lọ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Wọ́n lè kó o sọdá òkun fọ́dún méje, sí Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, kó tó wá di Ọsirélíà láti 1787. Nǹkan bí 160,000 èèyàn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ títí di 1868, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fojú kan ilé mọ́.

Lọ́dún 1827, ìjọba gbé ààlà ikú sókè láti 40 ṣílè sí pọ́n-ùn márùn-ún, ìyẹn 100 ṣílè. Kíá, ìdájọ́ 99 ṣílè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọdún 1832 ni òfin tó fagi lé ikú fún irú olè bẹ́ẹ̀, tí àwọn 12 náà fi lè pe iye ṣíbí bó ṣe jẹ́ gan-an láìpa ẹnikẹ́ni.