Ojú tó ń wá ooru, inú òtútù ló ń gbé

Bí ẹ bá gbọ́ pé mísáìlì kan ń lé ooru, ó ṣeé ṣe kí ọkàn yín lọ sọ́dọ̀ ajá ọdẹ tó ń gbóòórùn ẹran kiri. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ọn kì í rò ó bẹ́ẹ̀. Ojú ni. Iwájú mísáìlì náà ló wà, ó sì ń rí irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú tiwa kò lè rí. Gbogbo ohun tó bá ti gbóná ló ń tan ìmọ́lẹ̀ yìí: ẹ́ńjìnnì bàálù, èéfín tó ń tú jáde nídìí rẹ̀, àní ara bàálù fúnra rẹ̀ tí atẹ́gùn ń ha bó ṣe ń sáré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí: bí ojú yẹn bá gbóná, ooru ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kó ríran dáadáa. Á dà bí ẹni tó gbé fìtílà síwájú ojú, tó ní òun ń wá tanátaná lókèèrè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi afẹ́fẹ́ nitrogen tàbí argon tí wọ́n há mọ́nú ìgò mú un tutù, títí yóò fi sún mọ́ 200 ìwọ̀n Celsius nísàlẹ̀ òdo.

Mísáìlì Sidewinder tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà nì, William McLean, àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe ní China Lake, ní California, kò ní òtútù yìí níbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ba nǹkan lójú òfurufú lọ́dún 1953, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì gbà á sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1956. Ẹ̀yìn ọ̀tá nìkan ni wọ́n ti lè yìn ín, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pọ́n yòò, oòrùn sì lè tàn án jẹ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn awakọ̀ òfurufú Taiwan gbé e jà ní September 1958, ojú àwọn MiG-17, ìyẹn bàálù ogun ilẹ̀ Ṣáínà, rí màbo. Mísáìlì kan ha sára MiG kan láìbú gbàù, awakọ̀ náà sì gbé e délé! Ibẹ̀ ni àwọn Soviet ti rí àwòkọ́ṣe tí wọ́n fi ṣe mísáìlì K-13 tiwọn.

Nígbà tí òtútù dé, ojú náà là. AIM-9L, irú Sidewinder tó dé lẹ́yìn náà, lè rí bàálù láti iwájú pàápàá. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà tí wọ́n bá Argentina jagun ní erékùṣù Falklands lọ́dún 1982, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti yin èyí tó pọ̀ jù.

Awakọ̀ tí wọ́n ń lé máa ń da iná gbígbóná sílẹ̀ lẹ́yìn bàálù rẹ̀ láti fi tan mísáìlì jẹ. Ojú àtijọ́ tó mọ kìkì ibi tó gbóná jù á tẹ̀ lé iná. Ti òde òní ń ya àwòrán, ó sì mọ̀ pé iná kò ní ìyẹ́. Irú rẹ̀ ni IRIS-T, tí Jámánì ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn láti ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 3 lọ.

Ohun tó sì jẹ́ kí awakọ̀ bẹ̀rù rẹ̀ ni pé ó ń wò ni, kò tan ohunkóhun síta. Ẹ̀rọ tó ń ta bàálù lólobó pé ràdá ti mú un kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ukraine ti ń yin IRIS-T SLM láti orí ilẹ̀ láti ọdún 2022. Èyí tóbi jù, ó sì lè lọ tó kìlómítà 40. Ojú kò lè ríran jìnnà tó bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ìkùukùu bá dí, nítorí náà ràdá ilẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún un, tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni yóò tó la ojú tirẹ̀.