Ogun Kwantung: Bí Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Irin Ṣe Ń Darí Ìjọba Japan

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìjọba Tokyo ló pàṣẹ pé kí wọ́n lọ gba Manchuria, ìhà àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà, lọ́dún 1931. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àṣìṣe yìí sì ń bo ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu mọ́lẹ̀. Ọmọ ogun tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣọ́ ojú irin, ló dá ogun náà sílẹ̀ fúnra wọn, tí ìjọba ilé sì ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí Japan ṣẹ́gun Rọ́ṣíà lọ́dún 1905, ó jogún ilẹ̀ tí Rọ́ṣíà ń yá lò lọ́wọ́ Ṣáínà ní Liaodong, àti ojú irin tó tibẹ̀ lọ sí Changchun. Àdéhùn ni pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ lórí kìlómítà kan. Lọ́dún 1919 ni wọ́n ya àwọn ológun ibẹ̀ kúrò lára ìṣàkóso ìlú, wọ́n sì pè wọ́n ní Ogun Kwantung.

Inú òfin ni àlàfo tí wọ́n gbà wọlé wà. Òfin ìpìlẹ̀ Japan ti 1889 fi àṣẹ ogun sọ́wọ́ ọba. Àwọn ológun túmọ̀ ẹ̀ pé olórí ìjọba kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ogun. Bẹ́ẹ̀, ọba kì í sábà pàṣẹ, ohun tí wọ́n bá gbé wá ló máa ń fọwọ́ sí. Mínísítà ogun sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gágun. Bí àwọn ológun bá kọ̀ láti fi ẹnì kan sílẹ̀, ìjọba wó nìyẹn.

Lọ́dún 1928 ni wọ́n dán an wò. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Komoto Daisaku ṣètò bọ́ǹbù sára afárá ojú irin ní Huanggutun, wọ́n fi pa Zhang Zuolin, jagunjagun tó ń ṣàkóso Manchuria. Tanaka Giichi, olórí ìjọba, sọ fún ọba pé àwọn máa fìyà jẹ ẹni tó ṣe é. Àwọn ológun fàáké kọ́rí. Inú bí ọba, Tanaka sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1929. Komoto kò fojú ba ilé ẹjọ́; iṣẹ́ ogun nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, nígbà tó sì yá, ó di ọ̀kan lára àwọn olùdarí iléeṣẹ́ rélùwéè ibẹ̀ gan-an.

Àwọn tó kù níbẹ̀ ti rí i. Lálẹ́ ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, 1931, bọ́ǹbù dún lójú irin lẹ́bàá Mukden, ìlú ńlá kan ní Manchuria. Irin tó bà jẹ́ kò tó mítà méjì. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Changchun kọjá lórí ẹ̀ láìsí wàhálà. Itagaki Seishiro àti Ishiwara Kanji, ọ̀gá méjì nínú Ogun Kwantung, ló pète ẹ̀, kí wọ́n lè di ẹ̀bi náà ru àwọn ará Ṣáínà. Tokyo ti gbọ́ fìnrín, wọ́n ti rán Ọ̀gágun Tatekawa wá láti dá wọn lẹ́kun. Wọ́n gbà á lálejò, wọ́n fi ọtí ṣe é lóore. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Mukden ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e gan-an ló fi hàn bí ọgbọ́n wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 21, Hayashi Senjuro, olórí ogun Japan ní Kòríà, kó ọmọ ogun sọdá odò Yalu láìgba àṣẹ ọba. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lèyí nínú òfin ogun. Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ mínísítà jókòó, wọ́n ní níwọ̀n bí wọ́n ti sọdá, àwọn á san owó ìnáwó wọn. Ọba sì fọwọ́ sí i. Owó yẹn ló sọ ẹ̀ṣẹ̀ di iṣẹ́ ìjọba.

Bí bàbá tó fi ọmọ ṣọ́ oko ló rí. Lóru, ọmọ wọ oko aládùúgbò, ó kọ ebè, ó gbin iṣu. Ilẹ̀ mọ́, bàbá pariwo títí. Ṣùgbọ́n iṣu ti wà nínú ebè: bó bá hú u, ojú á ti gbogbo ilé, bó bá fi í sílẹ̀, òun ló máa wá igi tí iṣu á fà mọ́, òun ló máa sanwó àwọn tó máa tu koríko. Nígbà tí iṣu bá sì ta, ilé ẹ̀ náà ló máa jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá àwọn àbúrò ọmọ náà wí?

Iṣu náà ta lóòótọ́. Wọ́n dá Manchukuo, orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ àkóso Japan ní Manchuria, sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1932. Kí ọdún náà tó parí, olórí Ogun Kwantung ti ń dé fìlà mẹ́ta: ọ̀gágun, aṣojú Japan ní Manchukuo, àti gómìnà ilẹ̀ àyálò náà. Itagaki di mínísítà ogun lọ́dún 1938.

Àbúrò náà sì dìde. Lọ́dún 1936, Ishiwara, tó ti di ọ̀gá ní oríléeṣẹ́ ogun ní Tokyo, lọ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀gá Kwantung kí wọ́n jáwọ́ nínú ọ̀ràn Mongolia Inú, ilẹ̀ Ṣáínà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchuria. Muto Akira, ọ̀kan lára wọn, dá a lóhùn pé ohun tí Ishiwara fúnra ẹ̀ ṣe ní Manchuria làwọn ń ṣe.

Àbùkù ọgbọ́n yìí ni pé kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá tó rọ àti èyí tó le. Ní oṣù Kẹfà 1939, nígbà ìjà ní Nomonhan, lẹ́bàá ààlà Manchukuo àti Mongolia, wọ́n fi bàálù ju bọ́ǹbù sí Tamsag-Bulak nínú Mongolia láìgbàṣẹ Tokyo. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, Zhukov, ọ̀gágun Soviet, fi tánkì kọlù wọ́n, ó ká Ẹ̀ka Ogun 23 ti Japan mọ́, ó sì run ún. Wọ́n yọ Ọ̀gágun Ueda, olórí Ogun Kwantung, kúrò nípò. Tsuji Masanobu, ọ̀gá kékeré tó ń ti ogun náà síwájú jù lọ, ni wọ́n kàn gbé lọ síbòmíràn. Nígbà tó fi máa di 1941, òun ni wọ́n gbé ètò bí wọ́n ṣe máa gba Malaya lé lọ́wọ́.