Kóòṣì ní òun ti fún ẹ ní sìkọ́láṣíìpù: èló ló wá kù tẹ́ ẹ máa san?

Àwọn ọmọ tó ń sáré, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àtàwọn òbí wọn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè nípa sìkọ́láṣíìpù eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni mo fi ní kí n kó wọn jọ síbí. Mi ò ní sọ ibi tó dùn nìkan o, torí ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà là mọ́lẹ̀ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó ilé ìwé féèyàn torí pé ó lè sáré?

Òótọ́ ni jàre, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Hakeem Olajuwon, Èkó ni wọ́n bí i sí, handball ló ń gbá tẹ́lẹ̀, ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó gbájú mọ́ bàskẹ́tìbọ́ọ̀lù, ó dé University of Houston ní 1980, nígbà tó fi máa di 1984 tí NBA, líìgì bàskẹ́tìbọ́ọ̀lù ńlá ti Amẹ́ríkà, ń mú àwọn ọmọ tuntun, orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè, wọ́n pè é ṣáájú Michael Jordan pàápàá. Falilat Ogunkoya tó ń sáré náà gba Mississippi State kọjá. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, University of Texas at El Paso ló lọ, ibẹ̀ náà ni Blessing Okagbare ti lọ ṣáájú ẹ̀, Amusan gba ipò kìíní nínú 100 mítà hurdles ní 2017 níbi ìdíje NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 2022 ó sá 12.12 ní Eugene, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé nìyẹn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Kanyinsola Ajayi tó ń sáré wà ní yunifásítì Auburn, Deborah Abiodun tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Super Falcons náà gba University of Pittsburgh kọjá.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé òwò ńlá ni eré ìdárayá yunifásítì lọ́hùn-ún. Football tiwọn, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbá mọ́ra sáré yẹn, àti bàskẹ́tìbọ́ọ̀lù ló ń mú owó tẹlifíṣọ̀n wọlé, inú owó yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé ńlá ti ń bọ́ eré sísá, tẹ́níìsì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àtàwọn yòókù. Ní Ìlú Ọba náà wọ́n ń fúnni ní sìkọ́láṣíìpù eré ìdárayá, àmọ́ owó ẹ̀ kì í sábà sún mọ́ school fees ọmọ ilẹ̀ òkèèrè rárá.

NCAA, NAIA, NJCAA, lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù, èwo ni kí n gbájú mọ́?

Ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn ilé ìwé gíga ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, NCAA ló tóbi jù, ó pín sí Division I, II àti III. I àti II ń fúnni lówó torí eré ìdárayá. III ò fúnni ní kọ́bọ̀ torí ẹ̀, tí wọ́n bá fún ẹ lówó níbẹ̀, torí ìwé tó o mọ̀ ni tàbí torí pé àwọn òbí ẹ ò ní. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé Harvard, Yale, Princeton àtàwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Ivy League, Division I ni wọ́n o, síbẹ̀ wọn kì í fúnni ní sìkọ́láṣíìpù eré ìdárayá, bí agbára òbí bá ṣe mọ ni wọ́n ń wò. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun máa bá ẹ gba athletic scholarship ní Harvard, o ti mọ irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

NAIA, àwọn ilé ìwé kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ má fojú di wọ́n. Yunifásítì Azusa Pacific wà nínú NAIA nígbà tí Innocent Egbunike ń sáré fún wọn, ibẹ̀ náà ni Christian Okoye lọ, discus ló bá dé ibẹ̀, kò mọ football Amẹ́ríkà rí, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ní 1989 òun ló gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù lọ ní NFL, líìgì football ńlá tiwọn. NJCAA ní tiẹ̀ jẹ́ ilé ìwé ọlọ́dún méjì, ẹni tí àkókò eré ẹ̀ ò tíì yá tó, tàbí tí ìwé ẹ̀ ò tíì dúró dáadáa, lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ilé ìwé ọlọ́dún mẹ́rin. Èmi ò rí ìtìjú kankan nínú ẹ̀, owó ẹ̀ sì máa ń kéré.

Kóòṣì ní òun ti fún mi ní sìkọ́láṣíìpù, ó tún ní ká mú bank statement wá. Ṣé 419 ni?

Ó lè máà jẹ́ 419 o. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kì í ṣe gbogbo sìkọ́láṣíìpù ló ń san gbogbo owó. Èyí tó san gbogbo ẹ̀, school fees, ilé, oúnjẹ, ìwé, òun ni wọ́n ń pè ní full ride, kò sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú eré sísá àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Títí di 2025, gbogbo ohun tí ilé ìwé Division I lè fún tíìmù eré sísá ọkùnrin kò ju sìkọ́láṣíìpù 12.6 lọ, tobìnrin 18, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ọkùnrin 9.9, kóòṣì á wá gé e wẹ́wẹ́ láàárín ọmọ tó lé ní ogún, tàbí ọgbọ̀n pàápàá. Ẹni kan á gba ìdajì, ẹnì kan á gba ìdá mẹ́rin, òmíràn á gba owó ìwé lásán, gbogbo wọn á sì máa sọ fún ará ilé pé àwọn wà lórí sìkọ́láṣíìpù, wọn ò sì parọ́. Ní June 2025 ni adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House, àwọn ilé ìwé tó wọnú àdéhùn yẹn ò ní òté lórí iye sìkọ́láṣíìpù mọ́, iye ọmọ tó lè wà nínú tíìmù ni wọ́n fòté lé, 45 fún eré sísá, 28 fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n lè fún gbogbo wọn ní full ride tó bá wù wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú wọn ṣá, púpọ̀ nínú wọn ò sì lówó ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká sọ pé gbogbo ìnáwó ilé ìwé kan fún ọdún kan jẹ́ 48,000 dọ́là, kóòṣì wá ní òun máa fún ọmọ yín ní 30,000. Gbogbo àdúgbò á ti gbọ́, pásítọ̀ á ti dúpẹ́ lórí pẹpẹ. Àmọ́ 18,000 ló kù lọ́dọọdún, ọdún mẹ́rin jẹ́ 72,000 dọ́là. Tí ẹ bá fi dọ́là kan sí 1,500 náírà, mílíọ̀nù 27 náírà lẹ máa wá lọ́dún kan. Iye tó kù yìí ni ilé ìwé máa kọ sínú I-20, ìwé tẹ́ ẹ máa fi béèrè físà, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ ní in, òun ni wọ́n ṣe ń bèèrè bank statement, òun náà sì lẹni tó wà ní ẹ́ńbásì máa tẹjú mọ́.

Nítorí náà, tí kóòṣì bá pè, má wulẹ̀ bi í pé «ṣé ẹ máa fún mi ní sìkọ́láṣíìpù?» Bi í pé èló ló máa kù tí ìdílé mi máa san lọ́dún, kó fi ímeèlì kọ ọ́ ránṣẹ́. Bi í nípa insurance ìlera, nípa ibi tó o máa sùn nígbà ìsinmi sọ́mà, nípa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Bi í bóyá owó yẹn ti ọdún kan ni àbí ti ọdún mẹ́rin, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣe, kóòṣì náà sì lè kúrò kí tuntun tí kò mọ̀ ẹ́ rí dé. Tún bi í bóyá wọ́n lè fi sìkọ́láṣíìpù ti ìwé kún un, torí níbi púpọ̀ wọ́n gbà kó o gba méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ A1 nínú Maths lè dín owó náà kù ju kó o fi ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kún eré ẹ lọ.

WAEC mi ńkọ́? Mo sáré dáadáa, ìwé ni ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi.

Tóò, NCAA ní ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ Eligibility Center tó máa yẹ ìwé ẹ wò kó o tó lè díje ní Division I tàbí II. Wọ́n ń wá iṣẹ́ ìwé pàtàkì 16, English, Maths, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí GPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ, má sì dín ní 2.3 fún Division I, 2.2 fún Division II. Láti January 2023 wọn ò béèrè SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì tiwọn, mọ́, àmọ́ yunifásítì fúnra ẹ̀ ṣì lè béèrè ẹ̀. Ohun tó ń dá àwọn ọmọ wa dúró jù ni pé èsì WAEC nìkan ò tó, wọ́n fẹ́ rí èsì ọdún kọ̀ọ̀kan, láti JSS3 títí dé SS3. Ta ló ń tọ́jú report card JSS3? Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé yín nísinsìnyí tí wọ́n ṣì mọ̀ yín, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí kóòṣì bá béèrè, ẹ lè gbọ́ pé òjò ti pa fáìlì.

Báwo ni kóòṣì tó wà ní Texas ṣe máa mọ̀ pé mo wà ní Ṣakí?

Ìwọ lo máa kọ̀wé sí i, ímeèlì wọn wà lórí ìkànnì ilé ìwé. Ohun tó fẹ́ rí ò pọ̀: eré tí ò ń sá, àkókò ẹ, ọjọ́ àti ibi tó o ti sá a, bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, ọdún tó o jáde sẹ́kọ́ndìrì àti èsì ìdánwò ẹ. Má kọ ìtàn ìgbésí ayé.

Àkókò yẹn ni wàhálà. Tó bá jẹ́ stopwatch tí èèyàn fọwọ́ tẹ̀ ni wọ́n fi mú un, kóòṣì ò ní kà á kún, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ kà á wọ́n á fi 0.24 kún un, torí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. 10.4 tó ò ń fi yangàn yẹn ti di 10.64 lójú wọn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Torí náà wá ìdíje tó ní aago kọ̀ǹpútà, National Sports Festival irú èyí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta ní May 2025, ìdíje AFN (àjọ eré sísá Nàìjíríà), MTN CHAMPS, níbi tí èsì á ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kóòṣì lè fojú ara ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fi fídíò ìdíje odindi kan ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn góòlù yẹn, wọ́n fẹ́ rí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ bá mi yọ orin inú fídíò yẹn kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ́jẹ́ńtì kan ní ká san mílíọ̀nù méjì, pé tí ọmọ bá ti gba sìkọ́láṣíìpù, òun á tún gba ìdá mẹ́wàá níbẹ̀.

Màmá, ẹ má san án. Ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń bá ọmọ kọ̀wé lè gba owó iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ òfin NCAA ò gbà kí ẹnikẹ́ni so owó tirẹ̀ mọ́ iye sìkọ́láṣíìpù tọ́mọ gbà, ó lè ba ti ọmọ náà jẹ́. Ilé ìwé kì í gba owó kẹ́ ẹ tó gba sìkọ́láṣíìpù. Ẹ wo ímeèlì yẹn dáadáa, tí kò bá parí sí .edu, ẹ pe ilé ìwé náà fúnra yín. Owó tó wà lóòótọ́, bíi 350 dọ́là ti SEVIS, ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, àti 185 dọ́là ti físà, ọwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ló ń lọ tààrà, kì í gba àpò ẹnikẹ́ni.

Mo ti gba owó oṣù ní kíláàbù rí. Ṣé ó ti parí fún mi?

Tẹ́lẹ̀ mo lè sọ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí NCAA kì í fẹ́ gba ẹni tó ti ń gbowó lórí eré. Ní báyìí ọ̀rọ̀ ti dojú rú. James Nnaji, ọmọ Nàìjíríà, ó ti gbá bàskẹ́tìbọ́ọ̀lù fún Barcelona, NBA tilẹ̀ ti mú un ní 2023, síbẹ̀ yunifásítì Baylor gbà á ní December 2025, NCAA sì ní kó máa gbá a. Ariwo pọ̀ lórí ẹ̀. Ohun tó o ṣe ni kó o kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n bá bi ẹ́, má fi kọ́ńtíráàtì pa mọ́, Google wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yunifásítì ti ń gba mílíọ̀nù dọ́là báyìí, ìyẹn ò ní kájú èyí tó kù?

Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni. Láti July 2021 ni wọ́n ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn, ilé ìwé tó wọnú House sì lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré ẹ̀ ní sáà 2025 sí 2026. Ìwọ tó o wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ inú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n gbà ẹ́ láyè, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ìwé ń lọ. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó ń gbá bàskẹ́tìbọ́ọ̀lù ní yunifásítì Kentucky nígbà náà, ìgbà tí tíìmù ẹ̀ lọ sí Bahamas ní 2022 ló tó rí ìpolówó ṣe, torí kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Má ka owó yẹn mọ́ ìṣírò ẹ.

Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti dá físà dúró, ṣé ká kàn jókòó sílé ni?

Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Ìkéde tí Ààrẹ Trump ṣe ní December 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 January 2026, ó dá físà akẹ́kọ̀ọ́ F, M àti J dúró fún ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi tí kò ní físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Benin náà wà níbẹ̀, Togo ti wọ tiẹ̀ láti June 2025. Wọ́n yọ àwọn tó ń lọ fún World Cup àti Olympics sílẹ̀, yunifásítì ò sí lára ẹ̀. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè míì tí kò sí lórí òté, bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London tí wọ́n ní ti Ìlú Ọba, lè fi ìyẹn gba tiẹ̀. Ìkéde lè yí padà, ẹ máa wo ìkànnì ẹ́ńbásì fúnra yín.

Ẹni tí kóòṣì ti ń bá sọ̀rọ̀, má pa á tì. Kọ̀wé sí i pé bọ́rọ̀ ṣe rí rèé, kí wọ́n sún ìwé wíwọlé ẹ sí sẹ́mẹ́sítà míì, kó o sì bi àwọn tó wà ní compliance office, àwọn tó ń rí sí òfin NCAA ní ilé ìwé náà, bóyá dídúró yìí ò ní jẹ nínú ọdún tó o lè fi díje, torí NCAA máa ń ka àkókò lẹ́yìn tó o bá jáde sẹ́kọ́ndìrì tó o ṣì ń kópa nínú ìdíje. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, wo Kánádà. Àwọn yunifásítì tó wà nínú U Sports, ẹgbẹ́ eré ìdárayá yunifásítì tiwọn, ń fún eléré lówó, àmọ́ kì í kọjá school fees, ilé àti oúnjẹ ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ tún ìṣírò yẹn ṣe pẹ̀lú dọ́là Kánádà kẹ́ ẹ tó dáhùn.